Táǹkì Tó Jáde Nínú Ilẹ̀ Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ọjọ́ tí irun ojú mi jóná ni mo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Kí ọjọ́ náà tó dé, mo ti lo oṣù mẹ́jọ ní dípò, ibi tí wọ́n ń kó epo mọ́tò sí tí wọ́n sì ń tà á, lẹ́bàá ìdíkọ̀ rélùwéè ní Ìlọrin, mo ń wọ táì, mo ń fi imú dá àwọn ènìyàn lóhùn, mo sì rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Rájí ni orúkọ mi, mo ka ìwé mẹ́fà jáde ní ilé ìwé ìjọba. Lójú tèmi nígbà yẹn, ẹni tó bá ti ka ìwé mẹ́fà ti ka gbogbo ìwé tó wà láyé tán, ó kù kó máa fi àánú wo àwọn tó kù. Mo ní táì kan. Mo ní bàtà kan tó ń dún kó-kó-kó. Ìyá mi ní tí mo bá ń bọ̀ nílé, bàtà mi á ti kí gbogbo ilé tán kí èmi fúnra mi tó wọlé.

Iṣẹ́ mi kò le. Ní dípò wa, epo kì í gbé orí ilẹ̀. Nígbà tí lọ́rì àkọ́kọ́ dé ìlú ni wọ́n ti rì táǹkì irin ńlá kan mọ́lẹ̀, ó tó yàrá tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn sí. Lókè, pọ́ǹpù nìkan lẹ máa rí, ọwọ́ la sì fi ń fà á. Irú táǹkì bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ló wà nígboro: tiwa, ọ̀kan lẹ́bàá Ipata níbi tí àwọn lọ́rì oníṣu ń dúró sí, ọ̀kan ní àdúgbò àwọn òyìnbó. Láràárọ̀, màá ti ọ̀pá gígùn kan bọ inú táǹkì wa, màá fà á jáde, màá wo ibi tí epo mu ún dé, màá kọ ọ́ sínú ìwé. Ó tán. Ewúrẹ́ tó bá ní ọwọ́ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò ní táì.

Ọ̀pá mi kì í mú ìròyìn burúkú wá. Gbogbo àárọ̀ ló ń sọ pé táǹkì kún dáadáa. Nígbà míì, a ó ta epo títí di ìrọ̀lẹ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó tún ti lé díẹ̀ sí i. Mo rò pé àlùbáríkà ni. Wallahi, mo gbé ọwọ́ sókè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn awakọ̀ wá láti Ipata, wọ́n ní lọ́rì àwọn ń húkọ́ lójú ọ̀nà, pé kí n yẹ epo wò. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ìwà ara wọn wò.

Ẹ̀yìn dípò wa ni ilẹ̀ ti ń dà lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbo ilé Àáfà Búsàrí wà. Àáfà fúnra wọn ni wọ́n kọ́ mi ní kéwú kí n tó lọ sílé ìwé òyìnbó, ẹ̀yìn mi sì mọ ọ̀pá wọn ju bí orí mi ṣe mọ ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ. Kànga kan wà láàárín agbo ilé náà. Omi rẹ̀ ni wọ́n ń mu, òun ni àwọn ọmọ kéwú fi ń fọ wàláà, òun ni tilétilé fi ń ṣe àlùwàlá. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Àáfà ránṣẹ́ pè mí. Mo bá gbogbo ilé lẹ́bàá kànga, garawa omi kan wà nílẹ̀ níwájú wọn.

"Rájí, gbóòórùn èyí."

Mo tẹ̀ ba, mo gbóòórùn. "Omi ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé omi ni. Mo ní òórùn kí ni?"

Òórùn dípò wa ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi alára ń gbóòórùn dípò látàárọ̀ dalẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti omi àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀wù mi?

"Nǹkan mẹ́ta la fi ń mọ omi àlùwàlá," Àáfà ní. "Àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀, òórùn rẹ̀. Tí nǹkan míì bá ti yí ọ̀kan padà nínú wọn, kì í ṣe omi tí a mọ̀ mọ́. Táǹkì yín ló yí èyí padà."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Láràárọ̀ ni mò ń wọn epo wa. Kò dín rárá. Ó wà nínú ìwé."

"Ìwé ò nímú, Rájí."

Àwọn ọmọ kéwú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́. Mo tọwọ́ bọ àpò, mo mú ìṣáná jáde, mo ní kí gbogbo wọn máa wò mí. Mo ní tó bá jẹ́ epo ló wà lójú omi yìí, iná á mú un, tí kò bá sì jẹ́ epo, kí wọ́n má pè mí kúrò níbi iṣẹ́ mọ́. Gbogbo ilé sún sẹ́yìn. Èmi tí mo kàwé, mo sún síwájú. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ojú sún mọ́ garawa dáadáa kí n lè rí i pé iná kò mú un, mo wá ṣá ìṣáná.

Ó mú un.

Nígbà tí mo tún rí nǹkan, garawa ti ṣubú, iná ti kú, irun ojú mi méjèèjì ti lọ, òórùn adìyẹ tí wọ́n ń yan ló gba gbogbo ilé. Àáfà ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí láyé ijọ́un tí mo bá ṣi súrà kà.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ọ̀rọ̀ ti yé wa."

Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á ti dákẹ́ níbẹ̀. Èmi, ojú ń tì mí, nítorí náà mo tún lanu. Mo ní a ó yọ táǹkì náà, a ó rì tuntun, omi kànga á sì mọ́ kí oṣù ààwẹ̀ tó lé. Oṣù ààwẹ̀ kò ju oṣù méjì lọ mọ́. Ìyàwó àgbà Àáfà béèrè pé tí kò bá wá mọ́ ńkọ́, ṣé àwọn ni wọ́n máa máa fi ẹnu ààwẹ̀ rìn lọ sí odò Asà?

"Tí kò bá mọ́," mo ní, "èmi Rájí ni màá máa pọn omi Asà wá fún gbogbo ilé yìí, lórí ara mi, láràárọ̀, títí á fi mọ́."

"Pẹ̀lú táì yẹn?"

"Pẹ̀lú táì yìí, Ìyá."

Àáfà yí sí àwọn ènìyàn. "Ẹ ti gbọ́," wọ́n ní. Wọ́n tún ní kí àwọn ọmọ kéwú gbọ́ pẹ̀lú, nítorí ọmọdé kì í gbàgbé ohun tó bá ti ní ìyà ẹlòmíì nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ ìyá mi ní tìróò, mo fi ya irun ojú méjì. Èyí apá ọ̀tún ga ju èkejì lọ, ó wá dà bí ẹni pé ẹnu ń yà mí sí gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Báyìí ni mo ṣe wọlé tọ ọ̀gá wa lọ. Òyìnbó Píìpù là ń pè é, nítorí píìpù tábà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tan án nínú dípò epo. Ó ń mu píìpù tí kò níná láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó wo ojú mi títí. Òógùn sì ti ń fa tìróò náà wá sílẹ̀. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò fi ìṣáná náà pamọ́.

Kò pariwo. Ó ní kí n lọ mú ọṣẹ wá. Mo rò pé kí n fi bọ́jú ni. Ó gba ọṣẹ lọ́wọ́ mi, ó fi pa ara ọ̀pá mi láti ìdí lọ sókè, ó ti ọ̀pá bọ táǹkì, ó kà díẹ̀, ó fà á jáde. Lókè, ọṣẹ ṣì wà lára igi bó ṣe fi pa á. Nísàlẹ̀, ó tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi dé orúnkún, ọṣẹ ti yọ́ lọ, ìyókù ń hó.

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé sọ̀rọ̀. Epo kì í yọ́ ọṣẹ, omi ló ń yọ́ ọ. Omi sì wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Táǹkì ti lu. Epo ń gba ojú ihò jáde lọ sínú kànga Àáfà, omi òjò ń wọlé wá rọ́pò rẹ̀, ọ̀pá mi tí kò mọ̀yàtọ̀ sì ń wọn àwọn méjèèjì pọ̀. Àlùbáríkà tí mò ń dúpẹ́ fún láti ọjọ́ yìí wá, omi òjò ni. Òun náà ni àwọn lọ́rì ń mu tí wọ́n fi ń húkọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rìn lọ sí Ipata, mo bẹ àwọn awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, pé kí n ṣáà sọ fún òun ohun tó ṣe ojú mi.

Òyìnbó kọ̀wé sí Èkó. Ó ní gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe rí yìí, àwọn méjì tó kù pẹ̀lú kò lè sàn jù ú lọ, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Kí wọ́n fi mẹ́ta tuntun ránṣẹ́, a ó fi tiwa bẹ̀rẹ̀.

Sálíù ni olórí àwọn agbẹ́lẹ̀ tó wá ṣiṣẹ́ náà. Ọmọ abúlé ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó lè wo ilẹ̀ kó sọ ibi tí òkúta wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fa epo tó kù sínú garawa, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yí táǹkì ká, wọ́n fi okùn fà á jáde. Irin náà ti dípẹtà. Òyìnbó na ìka kan, ó fi ti ara táǹkì jẹ́jẹ́, ìka wọlé títí dé ìdí.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ru ìkòkò ti ń kọjá lọ sí Ipata. Ìyá Ràmátù ni wọ́n, amọ̀kòkò láti Òkèlele. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ojú ọ̀nà wa, wọn kì í sì í kọjá láìsọ nǹkan. Wọ́n dúró, wọ́n wo àwọn ihò ara táǹkì náà.

"Ṣé ajere lẹ rì síbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Sálíù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ajere, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí lára. Òyìnbó béèrè ohun tí ìyá náà sọ. Èmi ni ògbufọ̀, mo ní wọ́n ń kí wa kú iṣẹ́. Mo rò pé kò dáa kí òyìnbó gbọ́ pé wọ́n ń fi táǹkì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ yìí sọ́kàn o.

Rélùwéè gbé àwọn táǹkì tuntun dé. Wọ́n ti fi ọ̀dà kùn wọ́n dúdú kirikiri. Àwọn ènìyàn Sálíù to igi róbótó sílẹ̀ láti ìdíkọ̀, wọ́n ń yí tiwa lọ lórí wọn, wọ́n ń kọrin. Èmi gun orí táǹkì lọ jókòó kí n lè máa pàṣẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ àṣẹ mi nítorí orin. Nígbà tí a dé dípò, tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ti yọ́ ọ̀dà. Ṣòkòtò kakí mi kò tẹ̀lé mi. Sálíù ló fi ọ̀bẹ gé mi kúrò níbẹ̀, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan tìwà-tìwà.

Ọjọ́ Àlàmísì la sọ táǹkì kalẹ̀ sínú kòtò, ó jókòó rẹ́gí. Ọjọ́ Àtìní ni rélùwéè máa gbé epo tuntun dé. Òyìnbó ní kí a da iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó ná, òun ń lọ sí Jẹ́bà, òun á padà lọ́la. A ti da iyẹ̀pẹ̀ dé ìdajì nígbà tí Ìyá Ràmátù dé.

"Akọ̀wé olójú tìróò," wọ́n pè mí. "Ṣé ẹ ti rọ omi sínú rẹ̀?"

"Ìyá, táǹkì epo nìyí. Kì í ṣe àmù."

"Mo rí i pé kì í ṣe àmù. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Wọ́n wo ojú ọ̀run. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà. "Ohun tó bá ṣófo kì í jókòó sínú ilẹ̀ tútù," wọ́n ní. "Sọ fún ọ̀gá rẹ."

Òyìnbó ti ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdíkọ̀. Ó dúró, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni obìnrin náà sọ.

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ẹni tó ka ìwé mẹ́fà kò lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ táǹkì lẹ́nu ẹni tó ń fi amọ̀ mọ ìkòkò. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, ohùn mi sì dùn létí ara mi.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ó rọ̀ bí ẹni pé ó ń wá nǹkan. Nígbà tí ó dá, mo wọ ẹ̀wù funfun, mo lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí. A kírun tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀nà dípò wa padà sílé. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti rí i pé wọ́n kún ẹnu ọ̀nà wa. Mo rò pé wọ́n wá kí mi kú iṣẹ́ ni. Mo tún fìlà mi ṣe.

Táǹkì ti jáde. Omi òjò kún kòtò, táǹkì léfòó, ó ti iyẹ̀pẹ̀ wa dànù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó gbé ẹ̀yìn dúdú rẹ̀ sókè bí erinmi tó wá mí. Kì í ṣe pé ó kàn léfòó lásán, ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ti wà lórí rẹ̀.

Àáfà Búsàrí wà níwájú àwọn ènìyàn. Wọ́n wo táǹkì, wọ́n wò mí.

"Rájí, ṣé òun náà fẹ́ kírun Jímọ̀ ni?"

Kò sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí tí mi ò bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ni. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí wọn kò tíì rí. Iyẹ̀pẹ̀ tí epo ti mu láti ọjọ́ pípẹ́ ni omi náà ń fọ̀, ìsàlẹ̀ ló sì ń ṣàn lọ, sọ́nà kànga Àáfà. Tí a kò bá tètè dí kòtò yẹn, kànga kò ní mọ́ láéláé. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló sì kù kí oṣù ààwẹ̀ lé.

Òyìnbó dé láti Jẹ́bà nírọ̀lẹ́. Ó dúró sí etí kòtò, píìpù lẹ́nu. Mo ti múra irọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Èyí tó dáa jù nínú wọn ni pé ilẹ̀ Ìlọrin kò fẹ́ràn irin. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí sí mi, gbogbo rẹ̀ sá lọ.

"Sà," mo ní, "ìyá tó ń ru ìkòkò ti sọ ọ́ lánàá. Wọ́n ní ohun tó bá ṣófo kì í jókòó sínú ilẹ̀ tútù. Wọ́n ní kí n sọ fún yín."

"O sọ fún mi pé ó kí wa ni."

"Wọ́n kí wa pẹ̀lú, sà."

Ó yọ píìpù kúrò lẹ́nu. Mi ò rí i rí kó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú dípò. Mo ń retí pé kó ní kí n gbé bàtà mi, kí n máa lọ. Ó ní ó yẹ kí òun náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun gbójú lé epo ọjọ́ Àtìní jù. Ó ní kí n lọ bẹ obìnrin náà kó wá. Tí kò bá wá, kí èmi náà má wá.

Ọ̀nà Òkèlele kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bá Ìyá Ràmátù láàárín ìkòkò, wọ́n ń fi ìka lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ́tí sí ohùn wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyè kò tó, bàtà mi gbá ìkòkò kan lẹ́yìn, ó dún. Wọ́n tẹ́tí sí i.

"Kò fọ́," wọ́n ní. "Dìde, kí o má bàa fọ èyí tó kù. Ó ti jáde, àbí?"

"Ó ti jáde, Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́."

"Mo ti gbọ́ kí o tó dé. Gbogbo ìlú ló ti gbọ́." Wọ́n nu ọwọ́ nù. "Àtìgbà ìyá ìyá mi la ti ń bá àwọn ènìyàn rì àmù mọ́lẹ̀ kí omi wọn lè tutù. Ẹni tó bá rì í lófìfo nígbà òjò, á jí bá àmù lórí ilẹ̀. Ṣé wọn kò kọ́ yín nílé ìwé?"

Wọn kò kọ́ wa. Tí wọ́n bá sì kọ́ wa, mo lè jẹ́rìí sí i pé mi ò gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ràmátù jókòó sórí òkúta kan létí kòtò. Sálíù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbọ́n omi kòtò tán, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tó ń rùn dà sọ́nà jíjìn, wọ́n tún táǹkì tò. Ìyá ní kí a má kánjú rọ omi kún un lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má sì kánjú da iyẹ̀pẹ̀.

"Omi nínú, iyẹ̀pẹ̀ lóde," wọ́n ní. "Kí àwọn méjèèjì jọ máa gòkè."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. A to ènìyàn láti ibi omi ní ìdíkọ̀ dé etí táǹkì, garawa ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì. Tí omi bá ti ga tó ìbú ọwọ́ kan nínú, Ìyá á gbé ọwọ́ sókè, Sálíù á da iyẹ̀pẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sóde, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òyìnbó bọ́ kóòtù, ó wọ inú ìlà. Èmi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mo da ìdajì gbogbo garawa tó kàn mí sínú bàtà rẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Nígbà tí a parí, Ìyá Ràmátù sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ìka lu táǹkì, wọ́n tẹ́tí.

"Ó ti jókòó," wọ́n ní. Wọ́n ru ìkòkò wọn, wọ́n lọ sọ́jà.

Lẹ́yìn tí a ti fi sìmẹ́ńtì dé orí rẹ̀ tó sì ti gbẹ, a fa omi náà jáde, a fi epo tuntun sí i. Mo fi ọṣẹ pa ọ̀pá, mo tì í bọ̀ ọ́, mo fà á jáde. Ọṣẹ wà láìyingin, láti òkè dé ìdí. Mo gbé ọ̀pá náà káàkiri dípò bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde.

Kànga ló kù. Ojoojúmọ́ la ń fa omi rẹ̀ dànù sọ́nà jíjìn, kí omi tuntun lè sun wọlé. Kí Àáfà tó jẹ́ kí n sún mọ́ ẹnu kànga, wọ́n á kọ́kọ́ tú àpò mi wò bóyá ìṣáná wà níbẹ̀.

Oṣù lé. Àáfà bu omi kànga sínú igbá, gbogbo ilé péjọ. Wọ́n wò ó: àwọ̀ dáa. Wọ́n tọ́ ọ wò: adùn dáa. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Ó kù díẹ̀," wọ́n ní. "Méjì nínú mẹ́ta."

Mo ní méjì nínú mẹ́ta la fi ń yege nílé ìwé. Àáfà ní ibí kì í ṣe ilé ìwé. Ìyàwó àgbà ti mú òṣùká wá fún mi.

Bí mo ṣe ń pọn omi Asà nìyẹn, láàárọ̀ ààwẹ̀, pẹ̀lú táì, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ènìyàn jáde wá wò mí. Àwọn ọmọ kéwú ń tẹ̀lé mi, wọ́n ń ka ìrìn mi sókè bí ẹni ka súrà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo pọn garawa méje. Àáfà gbóòórùn èyí àkọ́kọ́, wọ́n ṣíjú wò mí.

"Níbo lo ti rí garawa yìí?"

"Ní dípò wa ni, Bàbá."

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Epo ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rìn dé Asà, mo lọ pọn omi tó ń rùn bíi ti kànga wá. Mo da méjèèje nù, mo yá garawa ìyá mi, mo tún padà.

Ọjọ́ kẹta ni bàtà mi dákẹ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ jábọ́ sínú odò, ó bá omi lọ, n kò sì lé e. Láti ọjọ́ náà, mi ò dún mọ́ tí mo bá ń rìn, ìyá mi sì ní òun kì í mọ̀gbà tí mo bá wọlé.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo gbé garawa dé ẹnu ọ̀nà, mo bá Àáfà tí wọ́n jókòó lẹ́bàá kànga, kẹ́tùrù àlùwàlá wọn níwájú. Wọ́n ní kí n na ọwọ́. Wọ́n da omi kànga sí i. Mo gbé e sí imú, mo dúró. Mo tún gbé e sí imú. Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé imú mi ló ti kú.

"Bàbá, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan," wọ́n ní. "Ṣe àlùwàlá rẹ. Gbé garawa yẹn sílẹ̀ ná, ta lo tún ń ru ú fún?"

Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lórí mi. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ṣe àlùwàlá níbẹ̀, ọwọ́, ẹnu, imú, ojú. Nígbà tí mo fọwọ́ pa ojú, mo kan irun díẹ̀ lókè rẹ̀, ó rí ṣákiṣàki bí irun ọmọ adìyẹ. Ó ti ń hù.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, táǹkì Ipata ló kàn. Èyí tí a yọ náà ti lu bíi tiwa. A sọ tuntun kalẹ̀ sínú kòtò, oòrùn mú, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo. Bí a ṣe ń nu òógùn nù ni Ìyá Ràmátù ń kọjá, ìkòkò mẹ́ta lórí wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí wa, wọ́n ń bá tiwọn lọ.

Òyìnbó yára yọ píìpù lẹ́nu. "Kí ni obìnrin náà sọ?"

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ó wò mí lójú títí. "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, sà."

"Lọ béèrè."

Mo sáré wọ inú ọjà, mo gba àárín àwọn oníṣu kọjá, mo bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ọ̀gá wa ní kí lẹ sọ."

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́ ni."

"Ṣé kò sí nǹkan míì rárá, Ìyá?"

Wọ́n ronú díẹ̀. "Sọ fún un pé ẹ kú oòrùn náà."

Mo sáré padà, mo jẹ́ ẹ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Òyìnbó wo táǹkì, ó wo ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu kankan, ó wò mí.

"Ẹ rọ omi sí i," ó ní.

Garawa ti wà lọ́wọ́ mi.